Ariwo Kékeré Kan ní Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀bi kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín, nítorí ẹni tí ó bá fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́ kò lè fi í kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2018, mo fi ọkọ̀ mi gbé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ fún ìdíje ìṣirò. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú, táyà ẹ̀yìn kan ti jò. Èmi tìkára mi ni mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè tí mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Òjò ṣú, mo ń kánjú, inú mi sì dùn pé n kò ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

A kọjá Móníyà tán ni ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Kò ju bí ẹni tí ń fi ìka kan ilẹ̀kùn lọ: kó, kó, kó. Ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, tí ó jókòó lẹ́yìn, ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, nǹkan kan ń dún níbí.” Mo dá a lóhùn pé kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Mo ti ń wa ọkọ̀ kí a tó bí i. Kí ni ọmọdé mọ̀ nípa ọkọ̀?

Ṣùgbọ́n ariwo náà ń le sí i. Ọkàn mi lọ sí ẹ́ńjìnì, nítorí níbẹ̀ ni owó ńlá máa ń bá lọ. Bí mo bá yára, ariwo a yára. Bí mo bá rọra, òun náà a rọra. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà gbé tẹ́jú, mo fi jíà sí fírí. Ohùn ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo náà kò yí padà. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Bí táyà ti ń yí ni ó ń dún.

Mo gbé ìgbéraga mi mì, mo bi ọmọ náà pé, “Ìhà wo ni o ti ń gbọ́ ọ?”

“Ìhà ọ̀tún ni, sà, lábẹ́ ìdí mi gan-an.”

Àyà mi já. Táyà tí mo fi ọwọ́ ara mi dè ni. Mo dúró kí a tó dé Fìdítì. Nínú nọ́ọ̀tì márùn-ún, ọ̀kan ti já bọ́, mẹ́ta sì ti tú débi pé ìka ni mo fi ń yí wọn. Ẹyọ kan péré ni ó di táyà náà mú, pẹ̀lú ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ mẹ́ta.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí: dídè tí a bá de nọ́ọ̀tì nígbà tí táyà wà lókè lórí jáàkì kò tó. A ní láti sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí a tún fún wọn le, kí a máa mú àwọn tí ó kọjú síra, kì í ṣe ní títò. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí a sì tún yẹ̀ wọ́n wò.

Mo fún mẹ́rin tí ó kù le, a rọra dé Fìdítì, mẹkáníìkì kan sì tún un ṣe. A pẹ́ dé Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n a dé.

Kí wọ́n tó wọlé, mo pe ọmọbìnrin náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní, “Ìwọ ni o gbọ́, èmi ni n kò gbọ́. Má bínú.”

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe náà. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni èmi ti kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá nawọ́ sókè nínú kíláàsì mi, mo máa ń dá ọ̀rọ̀ mi dúró.