Oko Ni Kí Ẹ Yàn, Ẹ Má Yan Àwòrán

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gbé Ìlú Ọba máa ń wá ibi tí a lè kó ìdílé lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwa ti lọ sí ìgbèríko Ítálì, orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé Pọ́ọ̀lù lọ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ìgbà àkọ́kọ́ já wa kulẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà kejì tún ilé wa ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé sí yín.

Ní àkókò náà, ilé wa ti di ibùdókọ̀. Bí ìyá bá ti ń wọlé láti ibi iṣẹ́ òru, bàbá ti ń jáde lọ sí ti àárọ̀. Àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a gbé oúnjẹ lọ sí yàrá, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. A ń jókòó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n a kì í jókòó jẹun pọ̀ nílé.

Ní ọdún àkọ́kọ́, àwòrán ni a fi yan ibi tí a lọ: ilé ńlá kan ní Tuscany, pẹ̀lú adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀. Oṣù kẹjọ ni, nígbà tí àwọn ará Ítálì fúnra wọn ń sinmi, tí owó ilé lọ sókè, tí oòrùn sì mú ganrínganrín. Ilé ni, kì í ṣe oko. Kò sí adìyẹ, kò sí àgbẹ̀. Ẹni tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni a rí. Ní ọjọ́ kẹta, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, yọ́ jáde lọ sí etí omi nígbà tí a rò pé ó ń sùn. Kò sí ọgbà kankan yí omi náà ká. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sáré fà á padà. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́. Nínú ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa padà, àwa tọkọtaya kò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a tún fẹ́ lọ, a gbàdúrà, a sì wádìí. Agriturismo ni wọ́n ń pe oko tó ń gba àlejò ní Ítálì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ìjọba fẹ́ kí owó àlejò ran àwọn tó kù lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 1985, èyí tí òfin ọdún 2006 rọ́pò. Àgbẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lo orúkọ náà. Iṣẹ́ oko gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí, kí gbígba àlejò tẹ̀lé e. Ilé tó ti wà lórí oko náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi àlejò wọ̀ sí, àti pé láti inú oko náà àti agbègbè rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ wá.

Oko ólífì kan ní òkè lẹ́bàá ìlú Trevi, ní ẹkùn Umbria, ni a yàn. Ìparí oṣù kẹwàá ni a lọ, nígbà ìsinmi àárín sáà. Owó rẹ̀ kéré sí ti oṣù kẹjọ. Wọ́n ti fi tapólì bo adágún omi wọn. Ìgbà ìkórè ni. Wọ́n tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ igi, wọ́n ń fi ohun tó dà bí òòyà ya èso kúrò lẹ́ka. Àwa tí a ń fi òróró ólífì gbàdúrà láti ọdún yìí wá, a kò tíì fọwọ́ kan igi rẹ̀ rí. Bàbá olóko kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn na òòyà sí àwọn ọmọ wa. Títí di ọ̀sán ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó bèèrè fóònù.

Ní alẹ́, wọ́n mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń fún òróró náà. Òróró tuntun ń ta ni lọ́fun bí ata. Wọ́n dà á sórí búrẹ́dì ìbílẹ̀ wọn tí kò níyọ̀. Bí òórùn rẹ̀ ti gba inú ilé kan, bàbá ilé wa dákẹ́. Ọmọbìnrin wa bi í pé, "Dádì, kí ló dé?" Ìgbà náà ló tó sọ fún wọn nípa ìfúnpo ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bí òun ṣe ń ru ẹyìn láti oko kí òun tó lọ sílé-ìwé, àti bí ojú ṣe ń ti òun láti dárúkọ oko láti ìgbà tí òun ti dé London. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà. Kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí a padà sí oko, a jókòó yí tábìlì ká títí di agogo mọ́kànlá.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí. Kí ni ẹ ń gbìn, kí ni ẹ ń sìn? Iṣẹ́ wo ni yóò wà lóko ní ọ̀sẹ̀ tí a ó wá? Ṣé a ó máa jẹun lọ́dọ̀ yín? Ṣé ọgbà yí omi ká? Báwo ni ọ̀nà ṣe rí? Ọ̀pọ̀ oko wà ní òpin ọ̀nà eléruku tí bọ́ọ̀sì kì í dé, ẹ ó sì nílò ọkọ̀ háyà. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó wà á wọ àárín ìlú àtijọ́, nítorí kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó ìtanràn á sì tẹ̀lé yín délé. Wáìnì kì í wọ́n lórí tábìlì wọn. Ẹ sọ tẹ́lẹ̀ pé omi ni ẹ ń mu. Bí ìjọ bá sì jìnnà ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ṣí Bíbélì yín lábẹ́ igi.

Nínú Máàkù orí 6, Jésù pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti rẹ̀ lọ síbi ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n lè sinmi. Ó pe wọ́n pọ̀ ni, kò pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí a ti dé, a ti pààrọ̀ àsìkò iṣẹ́ wa kí gbogbo wa lè jẹun pọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ló ń bi bàbá wọn ní ìbéèrè nípa oko báyìí. Kí Olúwa kó ìdílé tiyín náà jọ sídìí tábìlì kan. Àmín.