Kí Ni Bàbá Yín Ń Gbìn?

Ẹni tó bá ti ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ní London tipẹ́ á ti mọ ojú-ewé ìrántí wa dáadáa. Bí ẹnìkan nínú wa bá pàdánù òbí nílé, a ó gbé fọ́tò olóògbé síbẹ̀, a ó kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan tí ọwọ́ mi ti mọ́ títẹ̀ á tẹ̀ lé e: "Àgbẹ̀ pàtàkì ni bàbá nígbà ayé wọn." Bó bá jẹ́ ìyá, "oníṣòwò pàtàkì" ni. Ó tán. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á fò sórí àwọn ọmọ: dókítà ní Manchester, ẹnjiníà ní Houston, lọ́yà l'Ékòó.

Èmi tí mo ń ṣe olóòtú kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá yín ń gbìn? Ilẹ̀ ta ni wọ́n fi ń dáko? Ọjà wo ni màmá ń ná, kí ni wọ́n sì ń gbé lọ síbẹ̀? Mo ti bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè lórí fóònù nígbà tí ìkéde bá dé ọwọ́ mi. Èsì tí mo sábà ń gbà ni, "Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni wọ́n." Ká sòótọ́, a fi "pàtàkì" síbẹ̀ torí pé a ò mọ ohun mìíràn tí a lè kọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé abà la ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú ńlá la máa ń dárúkọ bí wọ́n bá bi wá. Èmi máa ń sọ pé ọmọ Ìbàdàn ni mí, n kò sì purọ́. Ilé wa wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n oko la ti ń jẹun. Bí ìlú náà ti rí nìyẹn: ìdílé kan á ní agbo ilé láàárín ìlú, wọ́n á sì ní abà lọ́nà Akáńrán, lọ́nà Ẹgbẹ́dá tàbí lọ́nà Lálúpọn. Oko ni wọ́n ń gbé, ilé ni wọ́n ti ń ṣọdún, ilé ni wọ́n ti ń gbéyàwó, ilé náà ni wọ́n sì sábà máa ń gbé òkú wọn wá sin sí. Nítorí náà, ẹni tó bá rin àwọn abà wọ̀nyẹn já lónìí lè má rí sàréè kan tó máa sọ fún un pé lágbájá lo ayé rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ abà gan-an kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ń roko. Ológun àtijọ́ tàbí ìdílé tó ni ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kòkó ló kó ọ̀pọ̀ wọn wọgbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ African Church ń gbin kòkó ní Agége, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lébírà fún wọn ló sì ń gbé irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Orúkọ Coker wà nínú ìwé ìtàn. Orúkọ àwọn tó di irúgbìn sínú ẹrù, tí wọ́n gbé e lérí délé, ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Bí kòkó bá ti pọ́n, dòjé tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń já a. Àwọn obìnrin àti ọmọdé á kó o jọ sójú kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa pa á, ẹgbẹ́ aró á péjọ, wọ́n á jókòó yí òkìtì náà ká: ẹnìkan á fi àdá la èèpo, ẹlòmíràn á fọwọ́ ha hóró funfun tó ń yọ̀ jáde. Àwa ọmọdé kì í jẹ́ kí omi dídùn ara rẹ̀ ṣòfò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bò ó. Á wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, á gbóná, á yí àwọ̀ padà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo abà bí ọtí kíkan. Lẹ́yìn èyí ló kan sísá, sísá yìí ló sì ń dá mi lójú pé a kì í rántí. Bí òjò bá ká kòkó mọ́ orí ẹní, á bu, wàhálà ọdún kan á sì di òfo. Ẹnìkan ní láti jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n ń ṣọ́ tiwa. Wọ́n á jókòó lábẹ́ òrùlé, ọwọ́ wọn á máa pa èkùrọ́, ojú wọn á wà lókè. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀, wọ́n á ti pariwo pè wá, gbogbo wa á sì sáré wá ká ẹní. Kò sí ẹni tó sanwó iṣẹ́ yìí fún wọn. Èkùrọ́ tí wọ́n ń pa ni tiwọn. Owó kòkó, ti bàbá ni.

Ọjọ́ títà náà ní ìdààmú tirẹ̀. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò á bu hóró díẹ̀ nínú àpò, á fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì-méjì, á tò wọ́n kalẹ̀, á wo inú wọn bóyá ó bu, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, bóyá kò gbóná tó nígbà tí wọ́n bò ó. Àgbẹ̀ á dúró tì í, kò ní mí. Gírédì tó bá bọ́ sí ló máa sọ iye tó máa gbà. Ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé wọ́n ti ná owó náà tán kí kòkó tó so, torí owó ilé ìwé, owó ìyàwó, owó ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn á fi oko dógò. Olówó á máa já kòkó ibẹ̀ títí tí gbèsè á fi tán, olóko á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kọjá lọ ṣe àgbàro lóko ẹlòmíràn.

Ní 1947 ni ìjọba dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀. Iye tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ohun tó ṣẹ́kù sì ń gbárajọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1954, ìpín Ìwọ̀ Oòrùn bọ́ sọ́wọ́ ìjọba agbègbè náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ní 1959, Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965: owó kòkó wà nínú gbogbo rẹ̀. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ ilé gogoro yẹn. Owó yẹn wà nínú sikọ́láṣípù tó gbé àwọn àgbà kan wá kàwé sí London náà, lára àwọn tó dá irú ẹgbẹ́ tiwa yìí sílẹ̀. A ti kọ orúkọ àwọn àgbà wọ̀nyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. A kò tíì kọ orúkọ ẹni tó sá kòkó.

Ẹ má rò pé àwọn àgbẹ̀ kàn ń wò. Nígbà tí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú yọjú nítòsí Ìbàdàn ní 1944, ìjọba òyìnbó rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ máa gé igi kòkó lulẹ̀, èyí tó ti ń so àti èyí tí kò tíì so. Àwọn àgbẹ̀ fárí gá, inú ìjà yẹn ni Ẹgbẹ́ Máyégún ti jáde. Lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, "ọdún tí wọ́n gé kòkó" ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Nígbà tó di 1968, ọ̀rọ̀ owó-orí dá ogun Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀, kò sì rọlẹ̀ títí 1969 fi ń parí lọ, tí ìjọba sì dín owó náà kù. Ìtàn mú orúkọ Táfà Adéoyè ará Akáńrán, olórí kan nínú wọn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àìmọye àgbẹ̀ ló jáde lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ kò padà wálé, ìyàwó wọn sì wà lábà tó ń retí. Ta ló lè ka orúkọ mẹ́wàá nínú wọn fún mi?

Nígbà tí bàbá mi kú, a ṣí àpótí páànù wọn. Ìwé owó-orí ló kún inú rẹ̀, wọ́n fi òwú dì í lọ́dọọdún. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kọ orúkọ wọn síbẹ̀, ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Ìjọba mọ̀ wọ́n dáadáa bí ó bá di pé kí wọ́n sanwó. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, tó tún ń ta ẹ̀kọ, kò mọ̀wé ní tiwọn, ṣùgbọ́n ògiri yàrá wọn ni ìwé wọn: ilà èédú kan fún ẹ̀kọ àwìn kọ̀ọ̀kan, oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀. Ti alágbàro Ìgbìrà kan ló máa ń gùn jù, òun náà ló sì máa ń san án pé jù bí kòkó bá tà. Lọ́jọ́ tí bàbá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri náà, ìjà ńlá ló ṣẹlẹ̀. Màmá ní owó àwọn ti lọ. Ó sì lọ lóòótọ́.

Mo dárúkọ alágbàro yẹn torí pé àwọn èèyàn rẹ̀ la máa ń gbàgbé jù. Ìgbìrà, Àgátú àti àwọn mìíràn tó wá láti ọ̀nà jíjìn ló bá wa ro oko kòkó, àwọn kan lo ọdún gbọọrọ láàárín wa, wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn sì ń sọ Yorùbá ju tiwa tó wà níbí lọ. Oríkì ìdílé wa kò ní àyè fún wọn.

Oríkì náà la sì fi ń yangàn pé a kì í gbàgbé ẹni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Karin Barber tó gbé ní Òkukù, tó kọ ìwé lórí oríkì ní 1991, fi hàn pé kì í ṣe ọba àti ìjòyè nìkan ló ní in. Àwọn obìnrin ilé a máa ki èèyàn lásán, wọ́n a sì fi àléébù rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lè ki bàbá rẹ̀ kọjá orúkọ oríkì kan ṣoṣo? Àwọn onímọ̀ Galletti, Baldwin àti Dina ti lọ bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá lálejò ní nǹkan bí 1951, wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń pa wọlé, ohun tí wọ́n ń jẹ àti gbèsè tó wà lọ́rùn wọn sílẹ̀. Àlejò bi wọ́n ní ohun tí àwa ọmọ kò bi wọ́n. Akínwùmí Ìṣọ̀lá nìkan ni mo mọ̀ tó fi Ogún Ọmọdé gbé àwọn ọmọ abà síwájú bí ẹni tó yẹ ká kọ̀wé nípa wọn, mo sì ń rọ ẹni tí kò bá tíì kà á pé kó wá a.

Mo mọ ohun tó ń dí wa lẹ́nu. "Ará oko" ni èébú tí wọ́n fi ń bú wa nílé ìwé ìgboro, a sì ti sá fún un dé London. Àwọn mìíràn wà ní òdìkejì, tó jẹ́ pé bí ọtí bá ti wọ̀ wọ́n lára níbi àríyá, abà á di párádísè: iṣu tútù, ẹran ìgbẹ́, àlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ẹ jọ̀ọ́, sòbìà ńkọ́? Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá le jù ló sábà máa ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn, odindi ìdílé á dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, oko á di igbó. Omi adágún tí wọ́n ń mu ló ń fà á. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Aboyún tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé lọ sílé ìwòsàn ńkọ́? Kí ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá ṣì ní bàbá, ìyá, bùrọ̀dá tàbí àǹtí tó gbé abà rí, kó pè wọ́n lórí fóònù ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má bi wọ́n pé "báwo ni ayé ìgbà yẹn ṣe rí," torí "ó dára" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ aró wọn. Ẹ bi wọ́n ní iye ọjọ́ sí iye ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà wọn, ẹni tí wọ́n jọ ń rìn lọ, ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ wọn. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn alágbàro pẹ̀lú. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, orúkọ abà náà àti ọjọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí Yorùbá yín kò bá dá múṣémúṣé mọ́, ẹ fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Èmi á tẹ̀ ẹ́.