Àgọ́ tí wọ́n yá lọ sí aṣálẹ̀: eruku ibẹ̀ kì í ṣe eruku lásán o!

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Owó nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹni tó yá mọ́tò tí kò da epo sí i kó tó dá a padà, ẹni tó yá ìkòkò àsè tó sì gbé e padà tòun ti èéfín ìdí ẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń bẹ́gi dínà ara wọn. Lára ohun téèyàn lè yá tí yóò dá wàhálà sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀ ni àgọ́, ìyẹn tẹ́ǹtì aláṣọ táwọn tó ń lọ sùn síta gbangba máa ń pa. Tó bá wá lọ jẹ́ aṣálẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn.

Ìdílé ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Sacramento, ní ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kẹ́rù sí, nọ́ọ̀sì nìyàwó ẹ̀. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, wọ́n ní àwọn fẹ́ẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo Black Rock Desert, aṣálẹ̀ kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Nevada, kí wọ́n sùn ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Wọn ò ní tẹ́ǹtì, lọ̀gá Bàbá Ìbejì níbi iṣẹ́ bá yá wọn ní tiẹ̀. Àgọ́ gidi ni, èèyàn mẹ́fà ló ń gbà, owó tọ́kùnrin náà sì fi rà á kì í ṣe kékeré. Ìyá ìyàwó tó wá kí wọn láti Ìbàdàn ní òun ò bá wọn lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé tẹ́ ẹ tún ń lọ sùn nínú aṣọ, ẹ máa lọ o, màá bá yín ṣọ́lé."

Ẹni tó bá gbọ́ aṣálẹ̀ lè rò pé yanrìn ló kún ibẹ̀. Kì í ṣe yanrìn rárá. Ní nǹkan bí 12,000 ọdún sẹ́yìn, adágún omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Lake Lahontan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí omi náà gbẹ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ àti oríṣiríṣi iyọ̀ inú ẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé orí ẹ̀ ni mọ́tò àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thrust SSC, ti sáré 1,228 kìlómítà ní wákàtí kan lọ́jọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1997. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ Burning Man láti ọdún 1990. Lọ́dún 2023 tí òjò rọ̀ sí ayẹyẹ ọ̀hún, èèyàn tó lé ní 70,000 ló há sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òjò ò bá rọ̀, eruku ni. Funfun ni eruku yìí, ó kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n fi asẹ́ jọ̀, kò sì síbi tí kì í wọ̀.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ìdílé yìí gbádùn ara wọn, wọ́n dé, ó rẹ̀ wọ́n, ni wọ́n bá ká tẹ́ǹtì náà bẹ́ẹ̀, wọ́n jù ú sínú ilé mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan lọ̀gá wá sọ pé òun máa lo tẹ́ǹtì òun ní Sátidé. Bàbá Ìbejì délé, ó tú ẹrù náà, eruku sọ lálá! Kẹ́yìndé, tó ní ásímà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá wọn sáré kó àwọn ọmọ wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ gbé e síta jọ̀ọ́. Tí eruku yìí bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí, ọsibítù la máa sùn lónìí." Síìpù ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà ti há, kò lọ, kò bọ̀.

Bàbá Ìbejì ní ọ̀rọ̀ náà ò le, òun máa sọ ọ́ sínú maṣíìnì ìfọṣọ, òun á da ọṣẹ àti omi gbígbóná sí i. Ìyàwó ẹ̀ ló ka ohun tí wọ́n kọ sára àgọ́ náà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi maṣíìnì fọ̀ ọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé wọ́n kun nǹkan kan tó dà bí ọ̀rá sínú aṣọ yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọlé. Tí maṣíìnì bá lọ́ ọ pọ̀, tí omi gbígbóná tàbí bílíìṣì kàn án, ọ̀rá náà á bó. Àgọ́ á mọ́ o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, agbada ni wọ́n máa fi gbọ́n omi nínú ẹ̀.

Ó wá fi omi lásán nù ún. Nígbà tó gbẹ, funfun tún yọ padà. Ibẹ̀ ni Màmá ti bọ́ síta. Ó fi omi díẹ̀ ra eruku náà láàárín ìka méjì, ó ní, "Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi kánún. Ẹ ò ní ọsàn wẹ́wẹ́ nílé ni?"

Wọ́n fi Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Bí kánún táwọn Hausa ń kó wá láti agbègbè odò Chad ṣe jẹ́ iyọ̀ tó ṣẹ́ kù níbi tí omi ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ inú eruku Black Rock. Ó máa ń jẹ aṣọ, irin àti awọ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kan ló ń ṣẹ́gun ẹ̀. Fínígà funfun làwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń lò, ife kan sí nǹkan bí ife omi mẹ́rin.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n fi ìbòmú bo imú, wọ́n pa àgọ́ náà sẹ́yìn ilé, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku gbígbẹ kúrò kí omi tó kàn án, torí ẹrẹ̀ ni eruku ń dà tó bá pàdé omi. Wọ́n fi fóòmù àti omi oní-fínígà nu inú àti ìta ẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ eyín síìpù, wọ́n nu àwọn ọ̀pá ẹ̀ àti oríkèé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi omi tútù ṣan gbogbo ẹ̀, wọ́n sì sá a síbòòji, nítorí oòrùn tó mú janjan náà ń ba aṣọ àgọ́ jẹ́.

Síìpù kan ò gbọ́ títí. Bàbá Ìbejì ní kí wọ́n ká a bẹ́ẹ̀, bóyá ọ̀gá ò ní mọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Ẹ pè é kó tó pè yín." Ó pè é, ó ní òun máa sanwó síìpù tuntun. Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹni méjì lòun ti yá àgọ́ náà rí, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ nínú wọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n pe òun. Ó gba owó síìpù o, ṣùgbọ́n ó ní tí wọ́n bá tún fẹ́ lò ó, kí wọ́n sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ máa ń rin irú ìrìn yìí, ọjọ́ tẹ́ ẹ délé kọ́ ni ìrìnàjò parí. Ọjọ́ tí àgọ́ bá mọ́, tó gbẹ dénú oríkèé, ló parí. Ẹ má ká a ní tútù, torí á bu, á sì máa rùn. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ yá a ni, ẹ fọ̀ ọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe máa fọ tiyín lọ. Àgọ́ mìíràn ṣeé rà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tó lè yá yín ní tiẹ̀ ò pọ̀ nílùú àjòjì.