Ohun Tó Dìmú Jù Lọ Ni Mo Rà

Irin náà kò dún. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu dòní nìyẹn. Irin tí mo mọ̀, bó bá fẹ́ já, á ké. Bó bá fẹ́ tẹ̀, á kọ́kọ́ ṣagídí. Ọ̀pá ìbọn àbúrò bàbá mi kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọwọ́ fáìsì tí mo ń yí ló kàn rọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ ọsàn tó ti pọ́n jù.

Iṣẹ́ irin jíjó ni mo ń ṣe ní Àkùngbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ìkàrẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó yunifásítì wá síbí ní 1999, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bọ́ àwa ajórin: ilẹ̀kùn, irin ojú fèrèsé, géètì, ẹsẹ̀ táńkì omi. Kò sí èyí tó ń béèrè ẹ̀sọ̀ nínú wọn. Bí irin bá wọ́, a ó fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Bó bá kọ̀, a ó fi iná bẹ̀ ẹ́.

Fáìsì mi àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí a fi ń há iṣẹ́ kó má bàa mì, kéré, ó sì máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yọ̀. Mo wá gba Ìkàrẹ́ lọ, mo bá ọ̀kan tòkunbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́fà, eyín inú rẹ̀ rí ṣákaṣàka bíi ti ọ̀nì. Ti káfíńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ti lu ihò sí i kí ènìyàn lè kan pákó mọ́ ọn. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Èwo ló dìmú jù nínú méjèèjì?” ni mo bi ẹni tó ń tà á. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Owó iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin ni mo kà sílẹ̀, ọkùnrin méjì ló sì bá mi gbé e sínú mọ́tò.

Àbúrò bàbá mi ń gbé ní Ọ̀kà, lábẹ́ òkè. Ọdẹ ni. Ìbọn olójú méjì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi owó kòkó rà kí wọ́n tó bí mi. Inú ọ̀rá ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ máa ń wà, a kì í sì í fọwọ́ kàn án láìfọ ọwọ́. Bó bá fẹ́ nu ìbọn náà, á jókòó lórí àpótí, á tẹ́ àkísà ìró ìyàwó rẹ̀ sórí itan, á wá fi itan méjèèjì há ọ̀pá náà. Bàbá tó bí òun àti bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é. Ẹ̀mú ni fún irin gbígbóná, itan ni fún ìbọn. Èmi kà á sí pé àìní ló ń dà wọ́n láàmú.

Lọ́dún tí mo ra fáìsì náà, ó dé pẹ̀lú ìbọn náà. “Mo gbọ́ pé o ra fáìsì. Orúnkún mi ò gbà á mọ́.” Ó já ìbọn sí méjì fúnra rẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò pé kò sí katiríìjì níbẹ̀, ó gbé ọ̀pá sórí tábìlì, ó sì sọdá títì lọ jẹ iyán.

Ìbọn tí mo mọ̀ láti kékeré ni ṣakabùlà, èyí tí wọ́n ń ti ẹnu ki ẹtù sí. Páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe ọ̀pá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹtù dúdú máa ń fi eérú sílẹ̀ nínú rẹ̀, eérú náà á fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà á sì dé kíá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọdẹ fi ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fi epo pa á. Fi fáìsì há páìpù omi bó ṣe wù ọ́, kò ní í bínú. Mo rò pé ìbọn ni gbogbo ìbọn.

Olójú méjì kì í ṣe páìpù. Èyí tí wọ́n ń pè ní 12, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: kí wọ́n pín òjé póùn kan sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, kí wọ́n yí ìkọ̀ọ̀kan di rogodo, rogodo kan ló ṣe déédéé ihò ọ̀pá náà, bíi mílímítà 18 àti ààbọ̀. Irin rẹ̀ nípọn níbi tí katiríìjì ń wọ̀, torí ibẹ̀ ni agbára ti ń bú. Bó ti ń lọ síwájú ni wọ́n ń fá a tẹ́ẹ́rẹ́ kó má bàa wọ ọdẹ lọ́rùn, débi pé láàárín, ó lè má nípọn tó mílímítà kan. Àárín yẹn gan-an ni mo kì bọ ẹnu ọ̀nì.

Mo ti búrọ́ọ̀ṣì onírin bọ inú rẹ̀, ọ̀pá náà yí díẹ̀. Mo fún fáìsì le. Ó tún yí. Ni mo bá ṣe ohun tí gbogbo ajórin ń ṣe: mo ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ fáìsì kí agbára lè pọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ló rọ̀.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì látùúnṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn á ki irin dídán tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò rẹ̀ wọlé, á máa fi òòlù kékeré lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìta títí ibi tó tẹ̀ wọnú á fi dìde. Kì í lo iná. Èmi tan gáàsì. Mo fẹ́ kí irin rọ̀ kí bàbá tó jẹun tán. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àpòpọ̀ òjé ni wọ́n fi lẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀pá méjèèjì, òjé bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró de iná tó tó 250 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Iná tèmi ju 3,000 lọ. Òjé ṣẹ́ jáde bí omijé. Mo fi àkísà nù ún, mo pa iná, mo sì yí ẹ̀gbẹ́ yẹn sísàlẹ̀.

Bàbá dé, ó gbé ọ̀pá sójú, ó dojú rẹ̀ kọ ojú ọ̀run. Bí inú ọ̀pá bá dá, ìmọ́lẹ̀ máa ń tò níbẹ̀ bí òrùka, ọ̀kan nínú èkejì. Níbi tó bá ti tẹ̀ wọnú, òrùka á ṣẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó pẹ́.

“Fáìsì ni?”

“Fáìsì ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí.”

Mi ò dárúkọ iná.

Ọ̀pá tó tẹ̀ wọnú báyìí lè bẹ́ sí ẹni tó yìn ín lójú. Kì í sì í ṣe ohun tí a lè gbé lọ bá alágbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn ilé, torí Òfin Ìbọn ti 1959 kò gba ẹni tó bá wù láyè láti máa tún un ṣe. Mo ní kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo mọ iye tí wọ́n ń tà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọgbó lẹ́ẹ̀rùn yẹn. Òun jókòó sílé, ó ń bá wọn ka iye ẹran tí wọ́n pa.

Mo gbẹ́ pákó méjì fún ẹnu fáìsì náà, mo gbẹ́ inú wọn kòtò, mo fi awọ bàtà àtijọ́ bò ó. Nígbà ọyẹ́, bàbá gbé àdá kan wá, èèkù rẹ̀ ti mì. Ó wo pákó náà títí. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ki ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bọ àárín rẹ̀.

“Yí i.”

Mo yí i díẹ̀. Ó ní kí n tún un yí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, kò yọ.

“Ó tó.”

Mo tú u sílẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára fáìsì mọ́, àgbá gáàsì mi ló ń wò. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe àdá náà ná.