Ẹ Mú Ẹní Lọ́wọ́

Ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ máa ń gún àwọn aláìsàn yín lábẹ́rẹ́ títí wọ́n á fi sùn lọ bí òkú?" Mo gbé àwo ẹ̀wà tí mo ń ṣà sílẹ̀. Láti 1975 di 2010 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lójú kòrókòró rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń gún wọn. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn.

Ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tí kì í gbóhùn sókè ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Ábẹ́òkúta, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní 1954, ọdún tí wọ́n bí mi. Wọn ò tíì kọ́ wọ́ọ̀dù parí nígbà náà, Lambo ò sì dúró de bíríkì. Àwọn ará abúlé tó yí Aró ká ló gba aláìsàn sílé bí ayálégbé, àdéhùn ibẹ̀ sì ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, kí wọ́n sì jọ padà sílé. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà lára àwọn tí Lambo gbà síṣẹ́. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ rìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá ṣèpàdé l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí mo fi máa bá ọ̀gá mi pàdé, ó ti kúrò ní Aró, ó wà ní ilé ìwòsàn mìíràn tí n kò ní dárúkọ.

Ọ̀gá mi ní bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, ẹní ni òun kọ́kọ́ máa ń fojú wá. Bí ẹbí bá gbé ẹní dání, wọ́n fẹ́ sùn tì í nìyẹn, ọkàn òun á balẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò bi ìyá aláìsàn ní oríkì ọmọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi oríkì pe ọkùnrin kan tó di àdá mú, ó ń kì í, ó ń kì í, títí ọkùnrin náà fi gbé àdá sílẹ̀ tó bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà "wèrè" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa ní wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Bí oríkì bá kùnà nìkan ló máa ń mú síríǹjì onígíláàsì rẹ̀. Paraldehyde la fi ń gún wọn nígbà náà, oògùn tó máa ń yọ́ ike, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ gíláàsì. Bí o bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, wàá gbóòórùn rẹ̀ nínú èémí gbogbo wọn. A ó se síríǹjì náà nínú omi, ọ̀gá mi yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, kí aláìsàn má baà ta gìrì. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó gbé e fún mi. Nígbà tí wọ́n ń kun wọ́ọ̀dù lọ́dà, àwọn òṣìṣẹ́ gbá a mọ́ pàǹtí. Mo tú inú àkìtàn, mi ò rí i.

Oògùn pààrọ̀ oògùn. Largactil tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Paris ní 1952, haloperidol, abẹ́rẹ́ oṣooṣù, àwọn tuntun tówó wọn ò ṣe é gbọ́. N kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹjọ́ mi wà pẹ̀lú àwọn aláṣẹ tó wó àtíbàbà onípáànù tí àwọn ẹbí ti ń dáná, tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ní ẹbí ń dọ̀tí ọgbà. Mo kọ̀wé sí wọn, kúẹ́rì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fi takisí gbé aláìsàn wá, wọn a san owó díẹ̀, wọn a sì pa fóònù.

Obìnrin kan wà tí mo gún ní haloperidol fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń yọ síta, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Oògùn ló fà á. Dókítà ló kọ ọ́, èmi ni mo gún un. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà lórí ogójì aláìsàn lóru, kò sí ìyá kankan lórí ẹní. Nígbà tí ìyá wà níbẹ̀, ìdajì oògùn ló máa ń tó wa. Ìyá á di aláìsàn mú, á bá a sọ̀rọ̀ mọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kí ó ka èyí mọ́ ọn.

Ọmọ-ọmọ mi ló ń ka àwọn ìwádìí tuntun fún mi lórí fóònù. Ní 2022, àwọn olùwádìí yẹ jíìnì àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin tó ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia wò, wọ́n sì rí ibi 287 tó bá àìsàn náà tan, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré. Ó wù mí kí gbogbo ìyá tó ti di ẹsẹ̀ mi mú, tó ń bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òun ṣẹ̀, gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, Cobenfy, tí kì í dí ojú dopamine, kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, bí Largactil àti haloperidol ti ń ṣe, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Inú mi dùn sí i. Obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ síta yẹn ni mo rántí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 2020, ló mú mi dìde lórí ìjókòó. Ní Nàìjíríà àti Ghana, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn ilé àdúrà, kí wọ́n jọ máa tọ́jú aláìsàn. Ẹni 307 ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn yòókù lọ. Mo ní kí ó tún un kà. Ọ̀gá mi kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n wá wọn irú ohun tó ti ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni yín nínú àìsàn ọpọlọ, bí ẹ bá ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má fi takisí gbé e sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó sùn. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ mú ẹní lọ́wọ́.