Ẹ̀rín Ló Ń Bo Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀

Iṣẹ́ ọpirétọ̀ ni mo ṣe jẹun. Èmi ni mò ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri fún ẹgbẹ́ òṣèré kan, láti gbọ̀ngàn ìlú dé ọgbà ilé-ìwé. Kó tó dìgbà náà, iná ìtàgé ni mò ń tàn fún ẹgbẹ́ yẹn kan náà.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn òṣèré fi ìtàgé sílẹ̀ bọ́ sínú fíìmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1944 tí Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó ni èrò ti ń tẹ̀ lé eré. Ìwé Atọ́ka tún dé, tí wọ́n ń ya fọ́tò eré sí, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ òṣèré sí i lára. Mo mọ ẹni tó há eré sórí látinú Atọ́ka láì fojú rí ẹgbẹ́ tó ni ín rí. Nígbà tí fíìmù Àjàní Ògún fi jáde ní 1976, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Love sì ṣeré nínú rẹ̀, èrò ti mọ ojú òṣèré bí ojú ará ilé. Aiyé ti Ògúndé dé ní 1979. Orí ìtàgé ni wọ́n ti ń ṣe òun náà tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ni ilé sinimá nígbà náà, fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà ló kún ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá ṣe fíìmù Yorùbá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e kiri bí ìgbà tó ń gbé eré kiri. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀, owó ńlá sì ni ẹ̀dà kan. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kó kúrò lójú òun: yàrá tó bá sùn ni agolo fíìmù ń sùn.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní. Bí rìlì kan bá tán, màá tan iná, màá yọ ọ́, màá ti òmíràn bọ eyín ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Àsìkò yẹn ni èrò máa ń dá ẹjọ́ eré: ìyàwó wo ló jẹ̀bi, ọ̀rẹ́ wo ló dalẹ̀. Bí òṣèré kan bá bá wa rìn, yóò dìde kí wọn, wọn yóò sì máa bú u nítorí ìwà tó hù nínú fíìmù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́ mi níṣẹ́ jù. Lórí ìtàgé, Bàbá Sàlá aláwàdà á sọ̀rọ̀ kan, gbọ̀ngàn á dàrú, òun á dúró gbagidi, á máa wo èrò látinú gíláàsì ńlá ojú rẹ̀ títí ariwo á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa sọ èkejì. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, jáde ní 1982, eré dùn bí ti ìtàgé, àmọ́ fíìmù ò mọ̀ pé à ń rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ á bo ọ̀rọ̀ kejì mọ́lẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa bèèrè pé, "Kí ló wí? Kí ló wí?" Àwọn kan padà wá lọ́jọ́ kejì torí kí wọ́n lè gbọ́ èyí tí ẹ̀rín gbé mì.

Ní ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí a ti ń fi fíìmù tiwa hàn, bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi nídìí ẹ̀rọ pé, "Ọmọ mi, dá a padà síbi ọfọ̀ yẹn." Bọ́tìnnì kan wà tó ń dá fíìmù sẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò pa iná ẹ̀rọ. Àwọn àjẹ́ ń fẹ̀yìn rìn, èéfín ń wọ inú ìkòkò padà, ohùn babaláwo di wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo ilé hó yèè. Bàbá náà ní òun ò rí irú agbára bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá mi ní kí n máa ṣe é níbi gbogbo.

Nígbà tí a fẹ́ ya fíìmù mìíràn, èmi ni ọ̀gá bi pé ibo ni ẹ̀rín ti ń pẹ́ jù nínú eré. Mo kà wọ́n fún un. Ó ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe níbẹ̀: kí ìyàwó tú gèlè kó tún un wé, kí ọkọ bu omi mu, kí ẹ̀rín lè jà tán.

Àwọn olè fíìmù ti ń ṣọṣẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n ṣe ẹ̀dà Ọ̀run Móoru sórí fídíò, Bàbá Sàlá sì jẹ gbèsè. Lẹ́yìn 1986 tí náírà ń já wálẹ̀, ta ló fẹ́ kówó lọ fọ fíìmù lókè òkun? Kámẹ́rà fídíò dé, iṣẹ́ ọpirétọ̀ sì parí.

Fíìmù wa náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò ó lórí fóònù, wọ́n ní eré náà ń falẹ̀, pé kí ló dé tí obìnrin yẹn ń wé gèlè tó bẹ́ẹ̀. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́. A ò ṣe é fún ẹni mẹ́ta lórí àga.