Páàdì Ọdún Lábẹ́ Ọwọ́ Wa

Ohun kékeré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọ̀rọ̀ páàdì tí à ń tẹ́ sábẹ́ máòsì kọ̀ǹpútà ni. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ọwọ́ mi kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi èyí tó ní àwòrán ọdún ta ara wọn lọ́rẹ nígbà Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀: oṣù tuntun, àtùpà, àgbò tàbí mọ́sálásí.

Kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀, ẹ wo ìwúlò rẹ̀. Nígbà tí Douglas Engelbart fi máòsì han àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1968, ẹsẹ̀ kékeré méjì ló ń yí lábẹ́ rẹ̀. Lóde òní, iná ló ń tàn sílẹ̀, tí ojú kan sì ń ya àwòrán ibi tó ń gbà kọjá láìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí gíláàsì àti ohun tó ń kọ mọ̀nà fi máa ń dà á láàmú. Bí wọ́n bá lẹ nǹkan dídán mọ́ páàdì, tàbí tí àwòrán rẹ̀ wú sókè, máòsì lè máa ta gìrì. Ẹ mú èyí tí òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó tẹ́jú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀, tí wọ́n sì rán etí rẹ̀ yí ká.

Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ rọra nù ún. Ẹ má fi kànrìnkàn líle ha àwòrán náà, ẹ má fún un bí aṣọ, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Ibòji ni kí ẹ ti sá a kí ó gbẹ dáadáa, nítorí oòrùn a máa ba àwọ̀ àti rọ́bà jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní ọdún kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ra páàdì fún Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú. Ẹ̀gbọ́n mi mú èyí tí wọ́n kọ āyà Àlùkùránì sí. Ó ní ìbùkún ni kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wà lórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n abẹ́ ọwọ́ tó ń làágùn ni yóò wà. Tíì yóò kán sí i. Bí ó bá gbó, níbo ni a ó jù ú sí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìwé tí āyà wà nínú rẹ̀, tí ó bá ti ya, a kì í dà á sí ààtàn. Sísun ni tàbí rírì mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́. Wọ́n wá ní, "Jẹ́ kí a ra olóṣù tuntun. Āyà, ara ògiri ni ká gbé e kọ́ sí." Bẹ́ẹ̀ la ṣe, inú Alfa sì dùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn wa lẹ́wà, kí ó sì mọ ipò rẹ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé nínú àlàáfíà. Àmín.